Èèkù Ọ̀bẹ Tó Ń Yọ̀: Orúkọ, Òwe àti Àtúnṣe Rẹ̀

Èèkù ni Yorùbá ń pe ibi tí ọwọ́ ti ń di ọ̀bẹ, àdá tàbí idà mú. Ti ọkọ́ àti àáké yàtọ̀. Ẹ̀rú ni a ń pe tiwọn, ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé ẹ̀rúkọ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àmì ohùn sí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Èèkù kì í ṣe eku tó ń jẹ àgbàdo nínú àká, kì í sì í ṣe ẹ̀kú tí eégún ń gbé wọ̀. Ọ̀bẹ fúnra rẹ̀ náà ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní èdè Yorùbá, àwọn ọmọ kò yé kọ "ọbẹ̀" níbi tó yẹ kí wọ́n kọ "ọ̀bẹ", bí ìyá wọn ṣe di ẹni tó ń fi ọbẹ̀ gé ẹran nìyẹn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ojú ọ̀bẹ ló ń gé ọwọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èèkù ló ń gbé ọwọ́ dé ojú ọ̀bẹ. Bí èèkù bá di ọwọ́ mú, ojú ọ̀bẹ yóò dúró síbi tí a fi í sí. Bí èèkù bá yọ̀, ọwọ́ yóò sáré lọ síwájú, ìka yóò sì bá ara rẹ̀ lórí irin. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń rán ọmọ yín ní ilé ìdáná, ẹ má kàn máa wo bóyá ọ̀bẹ mú. Ẹ wo èèkù rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀bẹ tó kún ọjà wa nísinsìnyí, yálà níbí ní Mọ́kọ́lá, tàbí ní Dùgbẹ̀ àti Bódìjà, púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ onírọ́bà líle tàbí onírin dídán. Wọ́n wu ojú. Wọn kò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí epo pupa, ọ̀rá ẹran, omi ilá tàbí omi ara iṣu kàn wọ́n, ẹ ó rí i pé wọ́n dà bí ẹja àrọ̀ tútù lọ́wọ́.

Ẹ̀yà ara ọ̀bẹ

Ọ̀bẹ ní ojú, ìyẹn ibi tó mú, àwọn mìíràn a máa pè é ní ẹnu. Ó ní ẹ̀yìn, ó ní ṣóńṣó, ó ní èèkù. Bí ó bá jẹ́ ọ̀bẹ ọdẹ tàbí idà, ó tún ní àkọ̀ tó ń gbé. Ibì kan tún wà tí ojú kì í rí: irin tín-ínrín tó ti ìdí ọ̀bẹ wọ inú èèkù lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa a máa fi iná sun irin tín-ínrín yìí títí yóò fi pọ́n, wọn á wá fi gún igi tí wọ́n ti gbẹ́ sílẹ̀. Irin náà yóò jó ọ̀nà fún ara rẹ̀ wọlé, nígbà tó bá sì tutù, igi yóò ti dì í mú gbágbágbá. Ọ̀bẹ ilé-iṣẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ti ilé-iṣẹ́, wọ́n máa ń fi pákó méjì há irin láàárín, kí wọ́n fi ìṣó kàn wọ́n pọ̀, tàbí kí wọ́n da ike gbígbóná bo irin náà, kó sì gbẹ mọ́ ọn.

Òwe tó jẹ mọ́ èèkù

Òwe àkọ́kọ́ ni gbogbo èèyàn mọ̀: Bí ọwọ́ ẹni kò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Àwọn kan máa ń pa á pé "bí a kò bá tíì mú èèkù idà". Ọ̀kan náà ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí agbára kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ tí yóò gba agbára. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò sọ pé "bí a kò bá tíì ní idà". Ènìyàn lè ní idà nílé, kó wà nínú àkọ̀, kó wà lábẹ́ àjà. Idà tí a kò tíì di èèkù rẹ̀ mú kò tíì di tẹni. Bí idà bá wà láàárín ènìyàn méjì, ẹni tó di èèkù mú ló ni ín, ẹni tó di ojú rẹ̀ mú ti ṣẹ ara rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àfiwé lásán nínú ìtàn wa. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921, ó ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n bá ń fi Aláàfin Ọ̀yọ́ jẹ, wọ́n á gbé idà ńlá tó ti Ilé-Ifẹ̀ wá lé e lọ́wọ́, àti pé láìṣe èyí, kò ní àṣẹ láti ní kí wọ́n pa ẹnikẹ́ni. Ọba ti jẹ, adé ti wà lórí, síbẹ̀ a ṣì ń dúró de ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ yóò tẹ èèkù.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá fẹ́ lo òwe yìí nínú àròkọ, kó lò ó fún ẹni tó yẹ kó ṣe sùúrù: ọmọ tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gba ilẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tí kò tíì níṣẹ́, tí kò sì tíì rí ìwé ilẹ̀. Kó má lò ó fún ẹni tó ń bẹ̀rù lásán.

Òwe kejì: Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. A máa ń pa á fún ẹni tó gbọ́n tàbí tó lágbára, tó wá rò pé òun kò nílò ẹnikẹ́ni. Èmi fẹ́ràn òwe yìí fún ìdí mìíràn. Ó rán wa létí pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni èèkù, ọwọ́ ọ̀tọ̀ ló ń ṣe é. Alágbẹ̀dẹ lè rọ irin tó dára, kí èèkù burúkú sọ ọ̀bẹ náà di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ mú.

Ìkẹta jẹ mọ́ àkọ̀ ju èèkù lọ: Ọ̀bẹ ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́. Ẹ lè gbọ́ ọ pẹ̀lú idà dípò ọ̀bẹ.

Ìkẹrin kò dárúkọ ọ̀bẹ rárá, ṣùgbọ́n n óò padà sí i nígbà tí a bá dé ọ̀rọ̀ ọwọ́: Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko.

Kí ló ń mú kí èèkù yọ̀?

Ẹ jẹ́ ká bi àwọn agbẹ́gilére. Iṣẹ́ gbígbẹ́ ère Yorùbá ní ipele mẹ́rin tí a dárúkọ fún. Ọnà lílé ni kí a fi àáké la igi sí ìrísí tí a fẹ́. Àlétúnlé ni kí a tún un lé, kí ojú, etí àti apá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Dídán ni kí a mú ara rẹ̀ jọ̀lọ̀. Ìkẹrin ni fínfín, ìyẹn ni pé kí a fi ọ̀bẹ fín ìlà àti ọnà sí ara ibi tó ti jọ̀lọ̀. Èèkù ọ̀bẹ tí à ń rà lọ́jà dúró ní dídán. Kò sẹ́ni tó fín in.

Ìdí tí ìyẹn fi burú ni pé ohun méjì tó jọ̀lọ̀ kì í di ara wọn mú bí omi tàbí epo bá bọ́ sáàárín wọn. Omi náà yóò tẹ́ pẹrẹsẹ, awọ ọwọ́ yóò máa léfòó lórí rẹ̀, kò ní kan èèkù gan-an. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá wà lára èèkù, omi yóò rí ibi sá sí, ẹran ọwọ́ yóò wọ inú ìlà náà díẹ̀díẹ̀, yóò sì mú un. Ìdí kan náà nìyí tí wọ́n fi ń fín ojú táyà ọkọ̀. Ẹ wo ọkọ̀ tí táyà rẹ̀ ti jẹ tán, tó ń bọ̀ láti orí afárá Mọ́kọ́lá (èyí tí wọ́n ṣí ní 2013) lẹ́yìn òjò. Awakọ̀ rẹ̀ mọ ohun tí mo ń sọ.

Ìrísí èèkù náà tún ṣe pàtàkì. Èèkù tó dára máa ń kó rìbìtì díẹ̀ ní ìdí kó má baà yọ́ jáde lẹ́yìn, ó sì máa ń ga díẹ̀ níwájú kí ìka má baà kọjá sórí ojú ọ̀bẹ. Èèkù tó rí gbọọrọ bí ọ̀pá, tó jọ̀lọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, òun ló léwu jù. Bí ẹ kò bá tíì ra ọ̀bẹ, ẹ ti ọjà yan èyí tó ní ìrísí yìí, ẹ ti dín wàhálà yín kù. Ẹ ní kí ìyá ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ tútù dì í mú wò.

Kí ẹ tó fi ọwọ́ kan àtúnṣe

Ẹ fi páálí tó nípọn wé ojú ọ̀bẹ, kí ẹ sì fi okùn dì í. Gbogbo ohun tí mo máa sọ nísàlẹ̀ yìí, ẹ ṣe é nígbà tí ojú ọ̀bẹ wà nínú páálí. Àgbàlagbà ni kó lo ìrin gbígbóná tàbí ọ̀bẹ fínfín. Ọmọ lè wé rọ́bà, kó sì ha èèkù pẹ̀lú ewé.

Lẹ́yìn náà, ẹ mi èèkù náà wò. Bí ó bá ń mì, kò sí ìlà tàbí rọ́bà tó máa wò ó sàn. Àwọn kan máa ń ki ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ sínú omi mọ́jú kí igi rẹ̀ lè wú. Yóò wú lóòótọ́, yóò sì mú irin, ṣùgbọ́n bí igi bá gbẹ yóò sún padà, ihò náà yóò sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ, tàbí kí ẹ pààrọ̀ ìṣó rẹ̀. Èèkù tó ti là, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni fífọ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìdajì èèkù tí àwọn èèyàn sọ pé ó ń yọ̀, ọ̀rá àtijọ́ ló bò ó. Ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́wọ́ lè tó. Bí kò bá tó, ẹ bu eérú ààrò sí orí kànìnkànìn tútù, kí ẹ fi ha á dáadáa. Eérú máa ń jẹ ọ̀rá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ náà ni àwọn ìyá wa ń sẹ́ jáde láti fi se ọṣẹ dúdú. Ẹ ṣàn án, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tún dì í mú wò. Bí kò bá yọ̀ mọ́, iṣẹ́ parí.

Ìlà kíkọ sára èèkù

Bí èèkù bá jẹ́ igi, ohun tó dára jù ni kí ẹ ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ kò ṣe, kí ẹ fín in. Bí wọ́n bá ti kun ún ní fáníìṣì tó ń dán, ẹ kọ́kọ́ ha fáníìṣì náà kúrò. Ewé ìpín ni àwọn baba wa ń lò fún irú iṣẹ́ yìí, kí sáńpépà àwọn káfíńtà tó dé. Igi rẹ̀ ṣì ń hù káàkiri ní Ìbàdàn, lẹ́bàá ògiri àti ní àkìtàn pàápàá. Ẹ fi ọwọ́ pa ewé náà, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ṣe ṣákiṣàki bí ahọ́n ológbò. Àwọn afíngbá àti agbẹ́gilére fi ń dán iṣẹ́ wọn.

Nígbà tí igi bá ti hàn, ẹ fi ọ̀bẹ kékeré tó mú tàbí fáìlì fín ìlà sí i. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fa ìlà láti ìdí èèkù lọ sí ojú ọ̀bẹ, ní gígùn. Ọ̀nà yẹn náà ni ọwọ́ ń gbà yọ̀. Ìlà bẹ́ẹ̀ dà bí ojú irin tí rélùwéè ń gbà. Ìlà gbọ́dọ̀ dábùú èèkù. Fún ẹni tó mọ ilà ojú, mo lè sọ pé kì í ṣe pélé ni kí ẹ kọ fún un, àbàjà ni. Bí ẹ bá lè fa á ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ìlà apá kan dábùú ti apá kejì bí ojú àwọ̀n, ó tún dára sí i, nítorí pé èèkù kò ní lè yí lọ́wọ́ yín pẹ̀lú.

Kí ìlà náà má jìn. Kó jìn tó sisanra èékánná, ó ti tó. Ìlà tó jìn máa ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹran àti omi ẹja, ibẹ̀ ni kòkòrò àrùn ń gbé, ọṣẹ kò sì ní dé ibẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá fín in tán, ẹ tún fi ewé ìpín pa etí àwọn ìlà náà kí wọ́n má baà bó yín lọ́wọ́. Ọ̀bẹ tí ẹ fi ń gé ẹran tútù, ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ èèkù rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ kí ẹ tó gbé e sínú àpótí.

Èèkù oníke, sáńpépà tó ṣe ṣákiṣàki ni kí ẹ fi ha á, ní dídábùú, títí dídán rẹ̀ yóò fi kú. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọkùnrin kan máa ń fi wáyà gbígbóná jó ìlà sí ike. Èéfín rẹ̀ kò dára fún èèyàn láti fà símú, ìlà náà kì í sì í gún. Èmi kò gbà yín níyànjú. Èèkù onírin kò ṣeé fín nílé rárá. Wíwé ló tọ́ sí i.

Wíwé èèkù

Wíwé ni àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa, pàápàá fún àdá. Ohun tí à ń lò jù ni túùbù kẹ̀kẹ́ tàbí ti ọ̀kadà, èyí tí àwọn atúntáyàṣe máa ń gé sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ gé e ní gbọọrọ, kó fẹ̀ tó ìka ọmọńdinrín, kó sì gùn tó láti wé gbogbo èèkù tán. Ẹ fọ àtíkè funfun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, nítorí pé àtíkè náà ń mú un yọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó sún mọ́ ojú ọ̀bẹ. Ẹ wé ìpele àkọ́kọ́ lé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó lè di ara rẹ̀ mú. Lẹ́yìn náà ẹ máa fà á le díẹ̀ bí ẹ ti ń wé e lọ sí ìdí, kí ìpele kọ̀ọ̀kan gun ìdajì èyí tó ṣáájú rẹ̀. Wíwé lélẹ̀ báyìí ló ń bí àwọn òkè kéékèèké tí ọwọ́ yóò máa mú. Nígbà tí ẹ bá dé ìdí, ẹ wé e lẹ́ẹ̀mẹta lójú kan kó lè kó rìbìtì, kí ẹ sì fi ṣóńṣó rẹ̀ bọ abẹ́ ìpele tó kẹ́yìn. Ẹ fà á. Kò nílò gọ́ọ̀mù.

Àléébù rọ́bà ni pé epo ń jẹ ẹ́. Tó bá pẹ́ nínú epo, á wú, á rọ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Nígbà tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ tú u dànù, kí ẹ wé òmíràn. Ẹ má fi ọ̀bẹ onírọ́bà sí etí ààrò.

Okùn náà dára. Okùn ọ̀ra tí àwọn apẹja ń lò ló dára jù fún ọ̀bẹ ilé ìdáná, nítorí pé kì í mu omi. Òwú máa ń mu omi, mu epo, mu ẹ̀jẹ̀, kó sì máa rùn. Ẹ fi í mọ sí ara àdá. Bí ẹ ṣe máa parí okùn láìsí kókó rèé: kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣẹ́ okùn náà po bí ojóbó, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ara èèkù, kí orí ojóbó kọjú sí ìdí, kí ìrù rẹ̀ sì yọ síwájú. Ẹ wá máa fi okùn tó gùn wé e lórí, kí ìpele kan sún mọ́ èkejì pẹ́kípẹ́kí. Bí ó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé orí ojóbó, ẹ fi ẹnu okùn bọ inú rẹ̀, kí ẹ wá fa ìrù tó yọ síwájú. Ojóbó yóò sá wọ abẹ́ okùn pẹ̀lú ẹnu okùn náà. Ẹ gé ohun tó bá kù níta. Ẹ fi okùn àti igi lásán kọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó fi ọ̀bẹ ṣe é.

Awọ ni ti àwọn àgbà. Ìlú Ọ̀yọ́, tí a mọ̀ fún iṣẹ́ awọ àti igbá fínfín, kò jìnnà sí wa. Bí wọ́n bá fi awọ tútù bo èèkù tí wọ́n sì rán an, awọ náà yóò máa sún kì bó bá ti ń gbẹ, yóò sì fún èèkù mọ́ra. Ẹni tó bá ti rí bí awọ ìlù ṣe ń le lójú ìlù ti rí irú rẹ̀. Àwọn ará Jàpáánì ìgbàanì lo ọgbọ́n tó jọ ọ́ fún idà àwọn samurai. Awọ ẹja òkun kan tó kún fún kókó wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń bo igi èèkù, wọn á wá fi okùn wé e lórí ní dídábùú ara wọn, tó fi jẹ́ pé ojú igun mẹ́rin kéékèèké ni yóò máa yọ láàárín okùn. Awọ di okùn mú, okùn di ọwọ́ mú. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé ènìyàn tó ń jagun kò ní àyè láti nu ọwọ́.

Ohun tí kò dára kí ẹ fi wé èèkù ni tépù dúdú àwọn oníná. Lọ́jọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà epo yóò dé ibi tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ wà, tépù náà yóò wá máa rìn lórí èèkù bí ìbọ̀sẹ̀ tó gbòòrò. Ó burú ju èèkù tí a kò wé rárá lọ. Ẹ má fi òrí tàbí àdí àgbọn pa èèkù igi pẹ̀lú, bó ti wù kí ó dán tó. Òróró méjèèjì kì í gbẹ.

Ọwọ́ tó di èèkù mú

Ẹ padà wá sí òwe kẹrin. Ẹni tó bá fún èèkù mọ́ ọwọ́ pẹ̀lú gbogbo agbára, ọwọ́ rẹ̀ yóò tètè rẹ̀ ẹ́, yóò làágùn, òógùn náà yóò sì mú èèkù yọ̀. Ẹ dì í mú bí ẹ ti ń di ọwọ́ ọmọdé mú láti sọdá títì: kó má lè já, kó má sì ro ó. Àwọn tó ń fi ọ̀bẹ ṣiṣẹ́ oúnjẹ kì í fi gbogbo ìka sí orí èèkù. Wọ́n máa ń fi àtàǹpàkò àti ìka tí a fi ń tọ́ka fún ẹ̀gbẹ́ méjèèjì irin ọ̀bẹ mú ní ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, lókè ibi tó mú, kí ìka mẹ́ta yòókù di èèkù. Ọ̀bẹ tó bá rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kì í yí. Ọwọ́ kejì tó di iṣu tàbí àlùbọ́sà mú, ẹ ká orí ìka rẹ̀ wọnú.

Ẹ máa nu ọwọ́. Àwọn onísúyà tó wà níhà Mọ́kọ́lá àti Sábó (àdúgbò tí àwọn Haúsá ti tẹ̀dó sí láti 1916) máa ń ní ìwé ìròyìn tàbí àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì ń nu ọwọ́ kí wọ́n tó tún gé ẹran òmíràn. Àwọn ọmọ wa nílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀; ara aṣọ ni wọ́n ń nù ún sí, tàbí kí wọ́n má nù ún rárá. Ẹ so àkísà gbígbẹ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Bí ẹ bá sì ń bó iṣu, ẹ fi ọwọ́ kan di iṣu mú, kí ọwọ́ tó mú ọ̀bẹ wà ní gbígbẹ.

Ẹ kọ́ ọmọ ní nǹkan méjì mìíràn. Bí ọ̀bẹ bá ń bọ́, kó jẹ́ kó bọ́, kó sì fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti hán an. Bí ó bá sì fẹ́ fi ọ̀bẹ fún àgbà, kó gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, kí èèkù kọjú sí àgbà náà.

Bí ó bá ti gé ọwọ́ ńkọ́?

Ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ náà sókè ju àyà lọ, kí ẹ má sì ṣí i wò kó tó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ má da kẹrosíìnì, epo pupa tàbí eérú sí i. Lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá dá, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ọgbẹ́ tí èèkù yíyọ̀ ń fà máa ń wà ní inú ìka, níbi tí awọ ti ń ká, iṣan tó ń tẹ ìka sì wà nítòsí níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ ní kí ọmọ náà ká ìka kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ kan orí ìka náà bóyá ó mọ̀ ọ́n lára. Bí ìka kan kò bá ká, tàbí tí ó kú tipiri, ilé-ìwòsàn ni lọ́jọ́ náà, kì í ṣe lọ́la. Iṣan tó já nílò rírán. Kódà bí ọgbẹ́ bá kéré, ẹ bèèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Fún àwa ará Mọ́kọ́lá, UCH tí wọ́n ṣí ní 1957 kò jìnnà.

Fún àwọn olùkọ́

Ẹ lè fi èyí ṣe iṣẹ́ kíláàsì láìgbé ọ̀bẹ kankan wọlé. Ẹ wá igi mẹ́ta tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, tí wọ́n nípọn bákan náà bí èèkù ọ̀bẹ ńlá. Ẹ fi ewé ìpín dán gbogbo wọn. Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ fín àbàjà sí èkejì, ẹ wé túùbù mọ́ ẹ̀kẹta. Ẹ so àpò kékeré kan mọ́ ìsàlẹ̀ igi kọ̀ọ̀kan. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan di igi náà mú ní òró, kí ẹlòmíràn máa ju òkúta sínú àpò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí igi yóò fi yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ kan náà ni kó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó sì sinmi láàárín wọn. Ẹ ka òkúta. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tútù, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ọwọ́ ọlọ́ṣẹ, kí ẹ sì fi epo pupa parí rẹ̀, kí ẹnìkan máa kọ gbogbo iye náà sójú pátákó. Olùkọ́ Físíìsì yóò bá yín dá sí i tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí wọ́n bá ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́, ẹ ní kí olúkúlùkù lọ bi àwọn òbí rẹ̀ àgbà ohun tí wọ́n ń pe èèkù ní ẹ̀ka èdè tiwọn, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n sì kọ ọ́ wá pẹ̀lú àmì ohùn.